Ìyá Àgbà Tó Kọ̀ Láti Jí

Àǹtí kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Nichelino, nílẹ̀ Ítálì, tí wọ́n máa ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí dáìsì kí wọ́n tó jù ú. Ilé ìtọ́jú arúgbó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n á wá bá àwa ọ̀dọ́ ṣe eré ìtàn kan tí a ń fi dáìsì ta, tí kálukú ti ń sọ̀rọ̀ bí akọni kan nínú ìtàn náà. Èmi ni mò ń darí rẹ̀. Ìyá àgbà oníṣègùn ni akọni tiwọn. Bí a bá ń kánjú lọ jagun, wọ́n á ní, "Ẹ dúró. Ṣé gbogbo yín ti jẹun?"

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà náà dá nìkan dúró lórí afárá kí àwọn yòókù lè sá là, àwọn ọ̀tá sì pa á. Oṣù mẹ́ta la fi wá oògùn tó ń jí òkú nínú ìtàn náà. Nígbà tí a rí i, mo béèrè lọ́wọ́ Àǹtí bí òfin eré ṣe wí:

"Ìyá àgbà, àwọn èèyàn yín ń pè yín. Ṣé ẹ máa padà wá?"

Àǹtí dáhùn pé, "Rárá, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ṣeun. Mo ti ṣe tèmi, ibi tí mo wà sì tù mí lára."

"Ma perché, zia?" Àbúrò mi obìnrin tó ń bá wa ṣeré ti bú sẹ́kún, ó ń fi èdè Ítálì béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ Àǹtí.

"Àwọn tí mò ń tọ́jú, bí wọ́n bá ti fẹ́ lọ, mi ò kì í fà wọ́n padà. Ọwọ́ wọn ni mo máa ń dì mú. Ẹ bá mi di tèmi náà mú."

A dì í mú. Ó dà bí ẹni pé iwájú Ọlọ́run la wà. Nígbà tó yá, Àǹtí rọra sọ pé, "Ó ti lọ."