Láàrin Má Lọ àti Máa Lọ

Òórùn òróró ṣéènì kẹ̀kẹ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí ojú ìyàwó mi tó wá sí mi lọ́kàn. Ó burú láti sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ní ọdún yẹn, pálọ̀ wa ní àdúgbò Yantala nílùú Niamey kò gba àlejò, nítorí kẹ̀kẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tèmi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òróró máa ń kán láti ara wọn sórí ẹní tí ìyá mi fi ránṣẹ́ sí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó mi á fi ìka nù ún, á ní òun máa fọ ẹní náà lọ́la. A ò fọ̀ ọ́ rí. Ẹní ọ̀hún ṣì wà nílẹ̀ di òní pẹ̀lú àbàwọ́n dúdú ara rẹ̀, ẹni tó bá sì ní kí n jù ú nù, ìjà ló ń wá.

Èmi ni mo ti ilé wá sí Niamey, láti wá ṣiṣẹ́ ní àjọ kan tó ń gbẹ́ kànga fún àwọn ará abúlé. Ìyàwó mi, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Àwọn òbí rẹ̀ ti ń ta aṣọ ní ọjà ìlú náà kí wọ́n tó bí i. Ilé ìwé Faransé ló lọ, èdè Zarma ló fi bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré, Yorùbá tó sì gbọ́ kò ju èyí tí ìyá rẹ̀ fi ń lé e kiri inú ilé lọ: wá jẹun, lọ wẹ̀, má fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ ojú ọjọ́ ló ń ṣe. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń wo ìkùukùu àti atẹ́gùn, kí wọ́n lè sọ fún àwọn àgbẹ̀ ìgbà tí òjò máa rọ̀. Orí rẹ̀ pé bí nǹkan míì, ṣùgbọ́n tó bá ti di Yorùbá, bí ọmọ ọdún mẹ́fà ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò mọ "ẹ" yàtọ̀ sí "o". Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bá bàbá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohun tó bi í ni pé, "Bàbá, ṣé o ti jẹun?" Ojú tì mí débi pé mo na ọwọ́ láti gba fóònù náà. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní láti ọjọ́ tí ìyá òun ti kú, ẹnì kankan ò tíì bi òun bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, tí bàbá mi bá pè, ìyàwó mi ló máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Èmi ní tèmi kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Mo fi ara mi jẹ olùkọ́ láìsí ẹni tó gbà mí síṣẹ́. Tó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, mo máa ń tún un ṣe lójú gbogbo èèyàn, mo sì máa ń rò pé ìfẹ́ ni. Àmọ́ àwọn àgbà ní ọlọ́gbọ́n kan ò ta kókó omi sétí aṣọ. Orí kẹ̀kẹ́ ni ìyàwó mi ti jẹ́ ọ̀gá mi. Láti ìgbà tó wà ní yunifásítì ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ gba orí afárá lọ sí Lamordé lójoojúmọ́, tó sì ń gùn ún bọ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ra tèmi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a máa ń sọdá odò lọ sí ìhà Kirkissoye, òun níwájú, èmi lẹ́yìn tí mò ń mí bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì, òun á sì máa dúró dè mí láìsọ pé òun ń dúró.

Òun ló gbọ́ nípa ìrìn kẹ̀kẹ́ láti Dosso dé Gaya. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́jọ kìlómítà. Kì í ṣe eré ìje. Ẹni tó bá ti dé kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí káàdì rẹ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n tọkọtaya tó bá forúkọ sílẹ̀ pọ̀, káàdì kan ṣoṣo ni wọ́n máa gbà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jọ kọjá ìlà ìparí. Káàdì yẹn wọ ìyàwó mi lójú ju bó ṣe yẹ lọ. Kí a tó kúrò nílé, ó ti kan ìṣó mọ́ ògiri pálọ̀ níbi tó máa gbé e kọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni ìwé kan dé láti iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ kan ní Dakar, pé kí ìyàwó mi wá bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin. A gbé ìwé náà sórí tábìlì. A ní tí a bá ti Gaya dé, a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n di kẹ̀kẹ́ wa sórí bọ́ọ̀sì, a sì lọ sùn ní Dosso. Ìgbà ọyẹ́ ni. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé tutù débi pé ìka mi ò fẹ́ di bíréèkì mú, eruku sì bo ojú oòrùn. Mi ò lè ka gbogbo ohun tí ojú mi rí lójú ọ̀nà náà, ṣùgbọ́n mo rántí àwọn ọmọdé tó ń sáré tẹ̀ lé wa tí wọ́n ń kígbe "Fofo! Fofo!", tí ìyàwó mi ń fi Zarma kí wọn padà tí wọ́n sì ń bú sẹ́rìn-ín. Mo rántí fúrá tí a dúró mu lábẹ́ igi, bí ó ṣe fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè mi bí ẹni ń nu ẹnu ọmọ. Mo rántí àwọn ọ̀pẹ tó ga gogoro nígbà tí a ń sún mọ́ ìhà gúúsù, tó wá dà bíi pé ilé ni mò ń lọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ó ku bí ọgbọ̀n kìlómítà nígbà tí pajápajá mú mi lẹ́sẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo di itan mú, mi ò lè gbé ẹsẹ̀. Ìyàwó mi ti ṣíwájú díẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Mo pariwo pé, "Má lọ!" Ọkọ̀ àjàgbé kan ń kọjá lọ́wọ́, ó gbé ohùn mi lọ. Ìyàwó mi gbé ọwọ́ sókè sí mi, ó yí ojú padà, ó sì tẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ń wò ó títí eruku fi bò ó.

Mo jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà bí ẹrù tó já bọ́ látorí ọkọ̀. Bàbá àgbà kan tó ń ti oko bọ̀ dúró, ó bá mi fi òrí ra ẹsẹ̀, kò bi mí ní nǹkankan. Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe ẹsẹ̀. Ìwé orí tábìlì ni mò ń rò. Mo ní, á à, ó ti ń fi bí òun ṣe máa lọ hàn mí. Bí mo ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ mi díẹ̀díẹ̀ lọ sí Gaya, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ni mo ń tò sílẹ̀, Yorùbá tó jinlẹ̀, èyí tí kò ní lè dáhùn.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Mo bá a tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré sí ìlà ìparí. Ó ti débẹ̀ láti bí wákàtí méjì. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó kọjá, ó kọ̀, ó ní ọkọ òun ń bọ̀. Ó dìde, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi mú, a sì jọ fẹsẹ̀ rìn kọjá. Ìyá tó di òǹtẹ̀ mú wo ojú ọ̀run, ó mi orí. Ó dá káàdì náà padà fún wa bó ṣe wà, láìsí òǹtẹ̀. Ìyàwó mi gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbi tí a ti ń jẹun, mi ò bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó bi mí pé kí ni òun ṣe.

"Mo ní má lọ," ni mo dá a lóhùn.

"Mais... ṣùgbọ́n, máa lọ lo sọ. Mo gbọ́ ọ. Mo rò pé o fẹ́ kí n tètè débẹ̀, kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró dè ọ́."

Mo wò ó, ẹ̀rín sì pa mí. Gbogbo ìbínú mi di yẹ̀yẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà ní ọjọ́ Àìkú, mo sọ ọ́ di kíláàsì. Má lọ, máa lọ. Má jẹ ẹ́, máa jẹ ẹ́. Oníṣòwò kan tó jókòó lẹ́yìn wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, dá sí i, ó ń bá mi kọ́ ọ, àwọn yòókù tí wọ́n gbọ́ Yorùbá sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi náà ń pè é tẹ̀ lé wa. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí fèrèsé.

"Ṣé 'a' kan ṣoṣo ló wà láàrin kí n lọ àti kí n má lọ?"

Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí oníṣòwò náà má bàa gbọ́.

"Ọjọ́ míì, tó o bá fẹ́ kí n dúró, sọ pé dúró. Dúró, mo mọ ìyẹn. Màmá mi máa ń sọ ọ́."

Mo ní kò burú.

A délé, a ò sọ̀rọ̀ ìwé náà. Ó ń retí kí èmi dá a sílẹ̀, èmi náà ń retí òun. Ní ọjọ́ kejì, iṣẹ́ gbé mi lọ sí abúlé kan tó jìnnà, níbi tó jẹ́ pé orí òkìtì iyanrìn kan ṣoṣo ni fóònù ti ń ríran. Ní ọjọ́bọ̀ mo gun òkìtì náà, mo bá àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀: wọ́n ní kí òun dáhùn kí ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ tó pé. Ṣé kí òun lọ?

Mo dúró lórí iyanrìn yẹn pẹ́. Mo fẹ́ kó dúró, Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ jẹ́ ọkọ tó so ìyàwó rẹ̀ mọ́lẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó lọ kó máa sọ pé èmi ni mo ní kó máa lọ. Mo wá tẹ lẹ́tà mẹ́rin: Ma lo. Kò sí àmì lórí wọn, bí gbogbo wa ṣe máa ń kọ ọ́ lórí fóònù. Mo sọ fún ara mi pé bátìrì ló fẹ́ kú. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lójú méjì, mo sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Èmi tí mo fi ohùn Yorùbá yọ ọ́ lẹ́nu láti Gaya dé Niamey, èmi náà ni mi ò lè fi àmì kan ṣoṣo lé orí "a". Mo sì ní ọ̀rọ̀ náà "dúró" lẹ́nu. Ó ti fún mi.

Nígbà tí mo fi máa padà sílé, ó ti dá wọn lóhùn, ó sì ti ń ká aṣọ. Mo bá a gbé àpótí dé pápákọ̀ òfurufú. Mo ní kó kí wọn níbẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ti kọjá. Ó máa ń wá lópin ọdún, a máa ń tọ́jú ara wa bí àlejò tó mọ ìwà hù, mi ò sì béèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn rí, nítorí mo gbà pé máa lọ ló kà, pé kò mọ̀ pé ó lè jẹ́ nǹkan míì. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo máa ń fi òróró sí ṣéènì rẹ̀, àfi bíi pé ó máa gùn ún lọ́la. Ìṣó tó kàn mọ́ ògiri wà níbẹ̀ láìsí ohun tó gbé kọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú mo máa ń sọdá sí Kirkissoye, mo sì máa ń fi àyè sílẹ̀ níwájú mi, bí ẹni pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí mò ń tẹ̀ lé. Àárò rẹ̀ ń sọ mí. Àwọn àgbà ní àbámọ̀ níí gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀; wọn ò sọ fún wa bó ṣe máa ń pẹ́ tó níbẹ̀.

Àná ni àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ dé. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin náà ti parí, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kó máa bá wọn ṣe é títí lọ. Ó ní: "Ṣé kí n dúró síbí? Jọ̀wọ́, fi àmì sí i lọ́tẹ̀ yìí."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó jókòó. Ó ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti rí ojú méjèèjì, ó sì dúró kí n yan ọ̀kan, nígbà tí mi ò yàn, ó lọ.

Mo gbé fóònù sórí orúnkún. Mo wá àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi "a" kan síbi tó yẹ kó jẹ́ ẹyọ kan, mo fi méjì síbi tó yẹ kó jẹ́ méjì, mo tún un kà sókè kó lè dá mi lójú, mo sì fi ránṣẹ́ sí i:

Má dúró. Máa bọ̀.