Teslim Ẹlẹ́kún àti Táyà Tí Kò Jò

Lọ́jọ́ tí Alájì Zakariyah Ọládòṣù mú àbúrò rẹ̀, Teslim, lọ rí dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, ẹkún ni Teslim ń sun láti Ẹdẹ títí wọ́n fi débẹ̀. Awakọ̀ tó gbé wọn rò pé òkú ni wọ́n ń lọ gbà ní mọ́ṣúárì. Ó pa rédíò, ó ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́, nígbà tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ò gbowó.

Dókítà Adéwálé ni wọ́n bá lórí àga, ọ̀dọ́kùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún.

"Alájì, kí ló ń ṣe wọ́n?"

"Ẹkún ni, Dókítà. Ó máa ń sunkún."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú! Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ mú un wá gan-an nìyẹn."

Dókítà yíjú sí Teslim. "Bàbá, kí ló ń pa yín lẹ́kún báyìí?"

"Ọmọ adìyẹ kan ni. Ọkọ̀ tó gbé wa fẹ́ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní Sẹ́kọ̀nà."

"Ṣé ó wá tẹ̀ ẹ́ ni?"

"Kò tẹ̀ ẹ́." Teslim fi apá dàńṣíkí nu ojú. "Inú mi ló dùn."

Dókítà bi í bóyá ó ń sùn. Teslim ní òun ń sùn bí òkúta tó wà nísàlẹ̀ odò. Ó bi í bóyá ó ń jẹun. Alájì ló dáhùn ìyẹn, ó ní ó ń jẹ tiẹ̀, ó ń jẹ tòun mọ́ ọn. Ni dókítà bá gbé kálàmù sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Alájì? Ẹ̀yin ń sùn?"

Alájì ń wo àjà. Teslim gbà á sọ: "Láti ọdún tó kọjá tí ìyàwó wọn ti kú, wọn ò sùn mọ́. Wọn ò sì sunkún rí."

"Ta ló bi ọ́?" ni Alájì wí.

Dókítà so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mọ́ Alájì lápá. Nígbà tó rí ohun tí ẹ̀rọ náà kọ, ó tún un ṣe, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí wọ́n ṣe kúrò nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà nìyẹn: ẹni tí wọ́n mú lọ ò mú nǹkan kan bọ̀, ẹni tó mú un lọ gbé ọ̀rá oògùn dání.

Èrò ìdílé kọ́ nìyẹn. Fọgánáísà ni Teslim, táyà ló ń lẹ̀ lójú ọ̀nà Òkè Gádà. Ó síngbọnlẹ̀, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ le bí igi, ṣùgbọ́n omijé rẹ̀ ò jìnnà sójú. Ó ń sunkún níbi ìsọmọlórúkọ. Ó ń sunkún tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé, kò sì bìkítà sílé ta. Iná mànàmáná dé lójijì lọ́jọ́ kan, ó bú sẹ́kún. Ọkùnrin kì í sunkún ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọkùnrin ní Ẹdẹ, èyí tó bá wá ń sun ún ní gbangba, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún un. Ìdílé Ọládòṣù ṣèpàdé, wọ́n ní àwọn ọmọbìnrin ilé ò ní rọ́kọ fẹ́ mọ́ tí àwọn àna bá gbọ́ pé wèrè wà nínú ẹbí. Alájì, tó ń ta sìmẹ́ńtì, tí ojú rẹ̀ sì jọ ọjà rẹ̀, ni wọ́n yàn kó mú un lọ.

Alájì mọ̀ tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ò níí gbọ́ oògùn. Láti kékeré ló ti mọ̀. Teslim ló máa ń já koríko fún àgbò Iléyá, òun ló ń bá a sọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ fún un lórúkọ. Ọjọ́ tí wọ́n pa àgbò náà, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé ẹran dé, òun ló kọ́kọ́ na ọwọ́. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń sunkún, omijé ń kán sínú ọbẹ̀.

Bàbá wọn pariwo mọ́ ọn. "Ṣé o ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ni àbí o ń jẹ ẹ́?"

"Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, Bàbá," ni Teslim wí, ó sì na abọ́ sí i. "Ó tún dùn."

Ibi tí iṣẹ́ táyà ti pàdé ẹkún, Jibril alápatà ló fa ìyẹn. Ọkùnrin gìrìpá kan ni Jibril, tó lè dá màlúù dè. Táyà ọ̀kadà rẹ̀ jò lóòótọ́ lọ́jọ́ kejì tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo relé ọkọ. Teslim tan ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, ariwo rẹ̀ ń dé àdúgbò Alájùẹ lọ́hùn-ún, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, àbùmọ́ díẹ̀ ò sì ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí ariwo náà gba gbogbo ibẹ̀ kan, tí Jibril rò pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́ òun, ó fi ẹ̀yìn ti igi, ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Táyà ti kún tipẹ́. Teslim ò pa ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni táyà àwọn ọkùnrin Ẹdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní àjòpọ̀. Olùkọ́ dé, awakọ̀ dé, káfíńtà kan ti bárò dé. Dókítà Adéwálé fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ wá, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tuntun tí rọ́bà rẹ̀ ṣì ń dán. Nígbà tó yá, ẹnì kan fẹsẹ̀ rìn dé, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́.

"Táyà ńkọ́?" ni Teslim bi í.

"Ó wà nílé."

Teslim ò bá a jiyàn. Ó yí táyà Pijó àtijọ́ kan jáde láti ẹ̀yìn àgọ́, táyà tí kò jò rí láyé rẹ̀, ó gbé e fún un: "Ẹ di èyí mú." Ó sì tan ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ náà, táyà Pijó yẹn di ti gbogbo ayé.

Bí wọ́n bá sunkún tán, inú abọ́ omi tí Teslim fi ń wá ibi tí táyà ti jò ni wọ́n ti ń bọ́jú. Wọ́n á túnra ṣe, wọ́n á wúkọ́, wọ́n á relé bí akọni. Kò sí ìyàwó kan ní Òkè Gádà tí kò mọ òórùn rọ́bà lójú ọkọ rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ síta ni Kẹ́mi aránṣọ, ìyá Ìfẹ́, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ àgọ́ Teslim. "Bàbá Teslim, táyà kan náà ni gbogbo wọn ń gbé dání. Ṣé táyà yẹn ò tíì jinná ni?"

"Ìyá Ìfẹ́, ẹ máa ránṣọ yín."

Àmọ́ nígbà tí ọkọ Kẹ́mi kú, òun náà nílò ẹni tó máa ràn án lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì yí padà sódì. Ẹkún kọ̀, kò wá. Ojú rẹ̀ gbẹ bí ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ jókòó yí i ká, wọ́n ń ṣọ́ ojú náà bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò. Ìyá àgbà kan ti ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé opó tí kò sunkún mọ ohun tó pa ọkọ.

Teslim wá kí i. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ojú àwọn tó ń ṣọ́ ọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Ìfẹ́, ṣé kò wá ni?"

"Kò wá, Bàbá. Mo ti ṣe é tì. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí."

"Kò sóhun tó ń ṣe yín. Ẹ fi sílẹ̀. Tèmi á tó àwa méjèèjì."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó sunkún, ó fọwọ́ lulẹ̀, ó pe orúkọ òkú, ó tún pe oríkì tí kò mọ̀ dáadáa. Ojú gbogbo èèyàn kúrò lára opó. Ìyá àgbà yẹn na ìka sí i: "Bàbá yìí, kí lẹ mọ̀ nípa ikú yìí?"

Kẹ́mi ń rẹ́rìn-ín sínú aṣọ tó fi bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn ẹbí ọkọ rí i, wọ́n ní ẹ ò rí i, ó ti ń sunkún báyìí.

"Ẹ̀yin ọkùnrin, wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ sun ún," ló sọ fún Teslim nígbà tó yá. "Àwa obìnrin, wọ́n ní dandan ni ká sun ún, kó tún bọ́ sákòókò. Ta ló wá ń fi ojú ara rẹ̀ ṣe ohun tó wù ú nílùú yìí?"

"Èmi ni," ni Teslim wí. Ojú rẹ̀ ti tún tutù.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà ò ràn lọ́wọ́. Nígbà tí Naimat, ìyàwó Alájì, kú, ńṣe ni Alájì jókòó ṣánṣán, tó ń gba àlejò. Gbogbo èèyàn ń yìn ín: "Ẹ ṣeun, Alájì. Ọkùnrin ni yín." Teslim ló ń sunkún ní kọ̀rọ̀ títí Alájì fi sọ fún un pé kó gbé ẹkún rẹ̀ jáde. Oyè ni ìyìn yẹn, Alájì ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ oyè sílẹ̀. Iyọ̀ ló ń bù sí tíì. Ìgbà kan ó wọ bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Fìlà rẹ̀, tí Naimat máa ń tún ṣe fún un lẹ́nu ọ̀nà kó tó jáde, wá ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí àgọ́ àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

"Bá mi wo táyà mi."

Teslim á tan ẹ̀rọ, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Alájì á dúró gbagidi. Ẹ̀rọ á ké títí.

"Kò wá, Ẹ̀gbọ́n?"

"Kí ni kò wá? Táyà ni mo gbé wá."

"Táyà yín ò ṣe nǹkan kan."

"Fẹ́ ẹ sí i!"

Teslim á tún fẹ́ ẹ sí i. Jímọ̀ dé, Jímọ̀ lọ, atẹ́gùn ń wọ inú táyà, kò sí èyí tó ń jáde nínú Alájì. Nígbà tó yá, ọkọ̀ Alájì ń tọ pọ́n-ún pọ́n-ún bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú títì Ẹdẹ.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Teslim wí lọ́jọ́ kan, "táyà tí a ń fẹ́ tí kò níbi tó ń bá jáde, ẹ mọ bó ṣe máa ń parí."

"Jẹ́ kí táyà bẹ́."

"Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n." Teslim pa ẹ̀rọ, ó nu ọwọ́, ó na ọwọ́ sókè, ó tún fìlà Alájì ṣe. Alájì wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Ṣùgbọ́n kò pa Jímọ̀ kan jẹ lẹ́yìn ìyẹn, ó sì máa ń tẹ orí díẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀.

Teslim kú lójú oorun nígbà ọyẹ́. Àwọn kan ní ẹkún ló pa á. Dókítà ní irọ́ ni, ọkàn rẹ̀ ló rẹ̀. Kẹ́mi ní omi inú rẹ̀ ló tán.

Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, èrò kò gba ilé, wọ́n bá kó àga lọ sí àgọ́ rẹ̀. Gbogbo ọkùnrin tó ti di táyà Pijó mú rí ló wá. Alùfáà ṣe àdúà tán. Gbogbo wọn ń wo òkè, wọ́n ń fi ọwọ́ nu imú.

"Eruku pọ̀ lónìí o," ni Jibril alápatà wí.

"Ó pọ̀," ni gbogbo wọn dáhùn. Kẹ́mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi wọ́n gbogbo ibẹ̀ ni.

Kẹ́mi ò lè fara dà á mọ́. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí náà!" Ó so ìró le, ó kọjá láàárín wọn, ó fa okùn ẹ̀rọ. Bí ariwo ṣe sọ, ni gbogbo àgọ́ bú sẹ́kún. Dókítà ń sunkún, káfíńtà di bárò rẹ̀ mú. Jibril, omijé ń ṣàn nínú irùngbọ̀n rẹ̀, yí táyà Pijó sọ́dọ̀ Alájì.

Alájì tẹ̀ láti gbà á, fìlà rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tẹ orí díẹ̀, ó dúró. Ó ń retí ọwọ́ kan. Kò sí ọwọ́ tó wá.

"Pa á," ló wí.

"Ẹ ní kí ni, Alájì?"

"Pa ẹ̀rọ yẹn, Ìyá Ìfẹ́. Àbúrò mi ló kú. Mi ò fẹ́ kí nǹkan kan bò ó mọ́lẹ̀."

Kẹ́mi pa á. Ẹ̀rọ dákẹ́ kí ẹkún Jibril tó rí àyè dákẹ́, gbogbo Òkè Gádà gbọ́ ìyókù rẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Láàárín ẹ̀rín náà ni Alájì Zakariyah Ọládòṣù ti la ẹnu, tó sunkún ní gbangba, pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀. Teslim ló kọ́kọ́ ń pè. Nígbà tó yá, ó ń pe Naimat.

Kò sẹ́ni tó yìn ín. Jibril na ọwọ́ ńlá rẹ̀, tó ń pa màlúù, ó tún fìlà náà ṣe fún un jẹ́jẹ́.

Táyà Pijó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó ń yí lọ sísàlẹ̀ ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó sáré tẹ̀ lé e. Kò kúkú jò.