Ìlà Èédú Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́

Títí dòní, bí òórùn dísẹ́ẹ̀lì bá ti dà pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gẹ́ tútù, Òkè-Ìlá ni ọkàn mi ń lọ, sábẹ́ páànù tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti ń fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé bí ẹni ń jà la ṣe ń bára wa sọ̀rọ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ nígbà náà n'Ìbàdàn, níbi tí a ti ń ṣàkójọ iye epo tí ayé ń jó àti ohun tí wọ́n ń wà jáde látinú ilẹ̀. Ẹnu mi ò sinmi! Lọ́jọ́ kan tí mo wálé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, mo ń ka iye epo tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń jó látorí fóònù. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi nu ọwọ́ wọn.

"Ó ga o! Èyí tí ẹ̀rọ tèmi ń jó ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé ó wà níbẹ̀?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ti wọ́n gógó, wọ́n sì ti ń ronú àtiti ẹ̀rọ náà pa, ẹ̀rọ tí wọ́n fi rán mi nílé ìwé. Bó bá dákẹ́, ìlú Ọ̀rà làwọn obìnrin àdúgbò yóò máa ru ẹ̀gẹ́ lọ.

Wọ́n fà mí lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ. Ìlà èédú kún ara ògiri jàǹtìrẹrẹ: gígùn fún kẹ́ẹ̀gì dísẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, kékeré fún abọ́ ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọdún kan gbáko! Ẹni tí kò fẹsẹ̀ kan ilé ìwé rí!

"Wò ó. Bí àwọn obìnrin bá kóra wá pọ̀, kẹ́ẹ̀gì kan a lọ abọ́ púpọ̀. Bí wọ́n bá ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í tó ìdajì. Ẹ̀rọ ń jó lásán."

Ojú tì mí, orí mi sì tún wú. Kí ni mo fi ìwé tí mo kà ṣe ná?

Wọ́n pe àwọn obìnrin náà, wọ́n ní ọjọ́ méjì péré lẹ́rọ yóò máa ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fárí gá.

"Ẹ̀gẹ́ tí mo bá ti wú sílẹ̀ ńkọ́, màmá? Kó jẹrà nítorí ẹ̀rọ yín?"

"Ilẹ̀ ló mọ̀ ọ́n tọ́jú jù. Jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí ọjọ́ ẹ̀rọ yóò fi ku ọ̀la."

Kò gbà. Wọ́n mú un lọ síwájú ògiri. Ó ń fìka tọ ìlà náà, ẹnu rẹ̀ ń mì, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá mí kanlẹ̀.

"Ọjọ́ wo la ó bẹ̀rẹ̀, màmá?"

Ẹ̀rọ náà kò dákẹ́. Nígbà tí mo délé lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti fi ọ̀dà kun ògiri náà. Mo fọwọ́ pa á, mo ń wá ìlà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ojú wọn ti di bàìbàì, rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sí ògiri kejì. Ìlà èédú tuntun rèé, ó tẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ wọn. Obìnrin tó fárí gá lọ́jọ́sí ló ń fà á báyìí.

Iye ńláńlá ṣì ń gba ọwọ́ mi kọjá lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó gbà á gbọ́, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ta ló dúró ti ẹ̀rọ, tó fa ìlà náà.