Sẹ̀gi Tó Bọ́ Sábẹ́ Pákó

Nígbà tí yìgì àbúrò mi obìnrin ku oṣù mẹ́ta, ìyá bàbá mi pè mí wọ yàrá wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì gbé okùn sẹ̀gi ìdílé wa lé mi lọ́wọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ mọ́kànlélógún ni. Aláwọ̀ aró ni gbogbo wọn, àfi méjì tí mo ti rò láti kékeré pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Ọmọbìnrin ilé wa tí wọ́n bá ń so yìgì rẹ̀ ló máa ń wọ̀ ọ́ sọ́rùn, á sì dá a padà kí ọjọ́ méje tó pé. Ìdúmọ̀tà ni Màmá ti ta ìlẹ̀kẹ̀ títí wọ́n fi darúgbó, ọwọ́ wọn náà sì ni okùn yìí wà kí wọ́n tó bí mi. Ṣùgbọ́n ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì.

"Ìwọ lo kàwé jù nínú àwọn ọmọ ọmọ mi," Màmá wí. "Ìwọ lá máa tọ́jú ẹ̀. O ò ní sọ ọ́ nù."

Ó yẹ kí n ti bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn.

Olùkọ́ ìtàn ni mí, ní ilé ìwé kan tí kò jìnnà sí Igbosere, pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ilẹ̀ òkè rẹ̀ jẹ́ pákó. Nígbà tí yìgì ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀kọ́ tó kàn wá ni ọ̀nà òwò aṣálẹ̀: bí àwọn oníṣòwò ìgbà àtijọ́ ṣe ń kó wúrà àti iyọ̀ láàárín Gao, Timbuktu àti Kairo. Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ máa ń tòògbé nídìí ẹ̀kọ́ yìí. Lójú tiwọn, ìtàn ẹlòmíràn ni, àwa kàn ń gbọ́ ọ ni. Ó máa ń bí mi nínú, nítorí mo ti kà á pé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn èèyàn ń yọ́ dígí ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àti pé àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ìlẹ̀kẹ̀ Ifẹ̀ jáde ní Gao lọ́hùn-ún. N kò lè búra pé Ifẹ̀ ni tiwa ti wá. Ṣùgbọ́n ó wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà.

Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ọ̀nà náà sórí ilẹ̀ onípákó kíláàsì wa, mo da iyọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń wa iyọ̀, mo to ìdérí ìgò bíi ràkúnmí.

"Mà, ràkúnmí yìí ò lẹ́sẹ̀ kankan o!" ọmọ kan wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kankan kò tòògbé.

Orí mi wá wú. Lára okùn Màmá, kókó kan máa ń tẹ̀lé ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó lè jẹ́ pé bí okùn bá já, ẹyọ kan péré ló máa bọ́. Èmi ọmọ ọmọ onílẹ̀kẹ̀ mú sísọ́ọ̀sì, mo gé kókó mẹ́ta. Mo gbé sẹ̀gi kan sí Ifẹ̀, ọ̀kan sí etí Odò Ọya, ọ̀kan sí Gao. Àwọn ọmọ kúnlẹ̀ yí i ká. Bí aago ṣe lù báyìí, gbogbo ẹsẹ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan. Sẹ̀gi Gao yí gbirigbiri, ó sì bọ́ sínú àlàfo àárín pákó méjì. A fi ìgbálẹ̀ tọ ibẹ̀ títí, a kò rí i.

Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ti ìbáwí. Mo mọ̀ pé bí Màmá bá gbọ́, wọ́n á gba okùn náà lọ́wọ́ mi, n kò sì ní jẹ́ ẹni tí wọ́n rò pé mo jẹ́ mọ́.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí Ìdúmọ̀tà. Ọkùnrin kan búra fún mi pé ojúlówó sẹ̀gi ni òun ń tà. Abẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo ti yan ọ̀kan tó jọ ọ́ bí ìbejì, mo lọ sílé, mo sín òun àti àwọn méjì yòókù padà, mo ta kókó wọn dáadáa.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, Màmá ní kí n gbé okùn náà wá. Wọn kò tilẹ̀ wò ó nínú yàrá. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì ń nà án sí oòrùn níkọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí n kò rí rí: bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú sẹ̀gi wa kọjá, aró rẹ̀ á di àwọ̀ ewé tútù. Wọ́n dé orí tèmi. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Èyí kì í ṣọmọ ilé yìí," Màmá wí.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lo ọjọ́ méjì. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

"Kí ni sẹ̀gi ń wá ní kíláàsì?"

Mo sọ ti Ifẹ̀, mo sọ ti Gao àti àwọn ràkúnmí. Màmá fetí sílẹ̀ dé òpin.

"Ṣé irú èyí ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa, tí wọ́n ń gbé e lọ bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Gbogbo ọdún tí mo fi ta ìlẹ̀kẹ̀, òkèèrè ni mo rò pé ohun tó dáa ti ń wá. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi." Wọ́n wá fi ìka mi kan àwọn méjì tí kì í ṣe aláwọ̀ aró, iyùn pupa kan àti funfun onílà kan. "Ìyá ọkọ mi sọ ọ̀kan nù sínú ọ̀sà, ó fi iyùn yìí rọ́pò. Èmi náà sọ ọ̀kan nù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Pópó Àgùdà ló fún mi ní funfun yìí, àwọn baba ńlá rẹ̀ ló gbé e bọ̀ láti Bràsíìlì. Ẹni tó bá sọ ọ̀kan nù, èyí tí gbogbo ojú máa rí ló máa fi dí i. A kì í sọ ọ́ fún ẹni tí kò tíì sọ nǹkan nù. Gbogbo wa la ti sọ nǹkan nù jàre. Ìwọ lo kọ́kọ́ fi irọ́ dí i."

Mo sunkún bí ọmọdé. Màmá ní kí n lọ wá nǹkan tèmi wá. Tẹ̀sùbáà tí wọ́n rà bọ̀ fún mi láti Mẹ́kà ti já nínú ààwẹ̀ tó kọjá, mo sì kó ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Mo mú ẹyọ kan níbẹ̀, onígi, aláwọ̀ ilẹ̀. Màmá sín in fúnra wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò mi dá okùn náà padà lẹ́yìn yìgì, abẹ́ ìrọ̀rí wọn ni wọ́n fi í sí. Wọn kò gbé e fún mi mọ́. Ó dùn mí wọra.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni káfíńtà wá tún ilẹ̀ kíláàsì ṣe, ó sì rí sẹ̀gi náà nínú eruku. Kí n má parọ́, ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n wá ọgbọ́n dá a padà sáyè rẹ̀, kí n yọ onígi yẹn dànù, kí ìtìjú mi parẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbé e lọ bá Màmá. Wọ́n nà án sí oòrùn, ó di àwọ̀ ewé.

"Ṣé ká dá a padà sórí okùn, Màmá?"

"Ó ti dé Gao, àbí? Jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ níbẹ̀. Máa fi kọ́ àwọn ọmọ."

Títí di òní, inú àpótí ṣọ́ọ̀kì mi ló ń gbé. Bí a bá dé orí ẹ̀kọ́ náà, àwọn ọmọ máa ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn nà sójú fèrèsé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ìgbálẹ̀ wa kò bá a lọ́jọ́ náà. À bá rí i ni, èmi ì bá máa tọ́jú ohun tí n kò mọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo gbé sẹ̀gi náà lọ bá wọn yẹn, bí Màmá ṣe ní kí n máa fi kọ́ àwọn ọmọ tán, wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n mú okùn náà jáde, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo nà án sí oòrùn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Méjìdínlógún di àwọ̀ ewé. Mẹ́ta kọ̀. Màmá fi ìka kan onígi náà, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ rèé," ni wọ́n wí.