Àmì Pupa Lábẹ́ Abọ́

Títí dòní, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta abọ́ tòkunbọ̀ ní ọjà Karmo ní Abuja, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí n yí abọ́ dà, kí n wo ìdí rẹ̀. Bàbá Haúsá kan tó ń tẹ́ tiẹ̀ sórí tapólì rò pé orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe abọ́ ni mò ń wá. Á ní, "Sànnu, Hajiya," á sì máa búra fún mi pé ojúlówó ni, láti ìlú òyìnbó. Èmi kì í ṣe Hajiya, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí, ojúlówó kọ́ ni mo sì ń wá. Àmì kútẹ́sì pupa ni mò ń wá.

Ìyá mi ló máa ń fi kútẹ́sì sàmì sí ìdí abọ́ wa, kó má bàa pò mọ́ ti ẹlòmíràn. Ṣọ́ọ̀ṣì wa kò fẹ́ kí obìnrin kun èékánná, nítorí náà abọ́ nìkan ló ń lo kútẹ́sì nílé wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ìyá mi. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wọn kó kúrò ní Èkó wá sí Abuja, wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ ẹrù gbé bẹ́ẹ̀dì àti àga, ṣùgbọ́n orí itan wọn ni wọ́n gbé àwọn abọ́ yẹn lé títí a fi dé Durumi. Bí aládùúgbò bá ń ṣe ìkómọ, á wá yá a. Ìyá mi kì í sọ pé rárá. Àmọ́ tí abọ́ bá pẹ́ kó tó padà, gèlè á di ọ̀já ìgbànú, wọ́n á bọ́ sí ìta, wọ́n á máa ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á máa yí abọ́ kọ̀ọ̀kan dà nínú kíṣìnnì ẹni ẹlẹ́ni.

Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ìyá yín ti lọ gba abọ́." Ebi á máa pa wá, oúnjẹ á ti jinná, ṣùgbọ́n bàbá mi kò ní fọwọ́ kàn án. Wọ́n á ní àwọn kò gbé ìyàwó kí àwọn tún máa dá jẹun bí àpọ́n. Ìgbà tí ìyá mi bá wọlé, tí wọ́n gbé abọ́ mọ́ àyà, tí wọ́n ń ráhùn pé àwọn èèyàn Durumi kò mọ ohun olóhun, ìgbà yẹn ni àwọn méjèèjì á tó jókòó.

Èyí tí ìyá mi fẹ́ràn jù ni abọ́ funfun kan tó ní ìdérí, tí òdòdó búlúù yí etí rẹ̀ ká. Oúnjẹ bàbá mi nìkan ló ń wọ inú rẹ̀. Ọjọ́ tí a sin ìyá mi, àwọn aládùúgbò wọ kíṣìnnì wa, wọ́n ń bu oúnjẹ fún àlejò, wọ́n ń gbé abọ́ wọlé, wọ́n ń gbé e jáde. Èyí tó kù padà sí ààyè rẹ̀. Abọ́ olódòdó búlúù kò padà. Ta ni ì bá lọ gbà á? Ẹni tó ń lọ gba abọ́ nílé wa la ṣẹ̀ṣẹ̀ sin.

Lẹ́yìn náà ni ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í mú bàbá mi. Mo mú wọn wá sọ́dọ̀ mi ní Jikwoyi. Wọ́n á bi mí pé, "Ìyá yín ńkọ́?" Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń sọ òótọ́. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n purọ́, gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ọ́ ni wọ́n máa ń sunkún bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ó di ọjọ́ kan, wọ́n béèrè, kí n tó la ẹnu wọ́n ti dá ara wọn lóhùn: "Hẹn, ó ti lọ gba abọ́ rẹ̀." Ara wọn balẹ̀. Èmi náà fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó tù mí lára.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọn kò jẹun mọ́. Wọ́n á tọ́ oúnjẹ wò, wọ́n á tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dókítà kìlọ̀ fún mi pé tí bàbá bá ń bá a lọ báyìí, a máa pàdánù wọn. Mo bẹ̀bẹ̀, mo bínú, mo se gbogbo ohun tí ọwọ́ mi mọ̀. Wọ́n á kàn máa wo abọ́ ike mi, wọ́n á ní, "Abọ́ ta nìyí?" Mo wá rò ó pé bóyá abọ́ gan-an ni kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ. Bí mo ṣe di oníbàárà wọn ní Karmo nìyẹn.

Ọjọ́ kan, mo rí irú abọ́ olódòdó búlúù yẹn lórí tapólì. Funfun ni, ó ní ìdérí, òdòdó búlúù yí i ká. Mo yí i dà. Ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí àmì kankan. Mo rà á bẹ́ẹ̀ náà, mo gbé e lé itan mi nínú ọkọ̀ dé Jikwoyi, àfi bí ìyá mi.

Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i dà. Ẹni tí kò rántí orúkọ mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn o. Wọ́n ní, "Tiwa kọ́. Ẹni tó ni ín á ti máa wá a. Lọ dá a padà fún wọn, má sì dá a padà lófìfo."

Inú bí mi, mo sì tún rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, mo ra kútẹ́sì pupa. Mo kán an sí ìdí abọ́ náà bí mo ṣe ń rí i tí ìyá mi ń ṣe é, mo jẹ́ kó gbẹ. Mo se àsáró, mo fi ẹja gbígbẹ sí i. Mo kọ́kọ́ gbé abọ́ náà fún wọn lófìfo. Wọ́n yí i dà, wọ́n fi ìka pa àmì yẹn. Ẹ̀rín tí wọ́n rín, ó ti tó ìgbà tí mo ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn. Mo sáré bu àsáró sínú rẹ̀, mo gbé e síwájú wọn. Mo rò pé mo gbọ́n.

Wọ́n fi ìdérí dé e. Wọ́n fa àga kan súnmọ́ ti wọn, wọ́n fi ọwọ́ gbọ́n eruku orí rẹ̀. "Ìyá yín ti dé nìyẹn," ni wọ́n wí. "Lọ pè é wá. Ẹsẹ̀ á ti máa dùn ún."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹun ná."

Wọ́n ní, "Èmi ò gbé ìyàwó kí n tún máa dá jẹun bí àpọ́n."

Mo bọ́ sí kíṣìnnì, mo fara ti ògiri. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòtítọ́ á bá a. Tèmi kò tiẹ̀ pẹ́ tó ìgbà tí àsáró fi máa tutù. Tẹ́lẹ̀, ìyá mi lọ gba abọ́, bàbá mi sì ń retí wọn ní ìrọ̀rùn. Ní báyìí, èmi fúnra mi ti gbé abọ́ náà wọlé. Mi ò tún ní ibòmíràn tí mo lè sọ pé wọ́n lọ.

Mo padà sí pálọ̀. Bàbá mi ṣì ń wojú ọ̀nà kíṣìnnì, ọwọ́ wọn wà lórí ìdérí. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo sọ fún wọn pé ìyá wa ti kú, pé a ti sin wọ́n, pé gbogbo wa la wà níbẹ̀. Wọn ò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n wò mí, wọ́n wá wo abọ́.

Wọ́n ní, "Ta ló wá lọ gbà á wá?"