Iléeṣẹ́ Tí Èèyàn Ti Lè Sọ Pé "Èmi Ni"

Ọjọ́ kẹrin tí mo dé iléeṣẹ́ tuntun ni wọ́n fún mi ní kúẹ̀rì, ìyẹn ìwé ìbáwí, ẹ̀ṣẹ̀ tí mo sì ṣẹ̀ kò ju pé mo sọ òótọ́ lọ. Àpò ìdérí kẹ́ẹ̀gì kan ló jóná mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tí àwọn tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa dé, mo dúró láàárín wọn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo àwọn tó wà nínú àpò yẹn o, èmi ni mo bà wọ́n jẹ́." Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Súpáfáísọ̀ wa, Ọ̀gá Ṣẹ́gun, wò mí bí ẹni tó bọ́ra sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìwé ti dé.

Títí, ọmọbìnrin tí àwa méjèèjì jọ ń lo ẹ̀rọ kan náà, ló fà mí sí kọ̀rọ̀. "Àǹtí Rónkẹ́, ẹ má bínú. Níbí, èèyàn kì í ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀rọ ló máa ń bàjẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ìwà burúkú òótọ́ sísọ yìí. Festac ni mo dàgbà sí, torí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá mi, iṣẹ́ ike ni mo sì ṣe ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ kankan. Ẹni tó bá mọ̀, á mọ̀. Èyí tí mo ti kọ́ṣẹ́ kéré, òrùlé rẹ̀ ń jò, àwọn àga ilé oúnjẹ rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló pọ̀ jù nínú wọn. Kẹ́ẹ̀gì la ń ṣe. Ẹ̀rọ á yọ́ ike, á fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ bàlúùnù, ike á wú títí á fi lẹ̀ mọ́ ara mọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tó ń fún kẹ́ẹ̀gì ní ìrísí rẹ̀. Omi tútù ló ń yí mọ́ọ̀dù náà po kí ike lè tètè le.

Bọ̀dá Dípọ̀, ọ̀gá wa níbẹ̀, ló kọ́ mi níṣẹ́. Àwọn ni wọ́n dá àṣà kan sílẹ̀ pé tí àwọn tó máa gbaṣẹ́ bá ti dé, gbogbo wa á dúró yí ẹ̀rọ ká, kálukú á sọ ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bọ̀dá Dípọ̀ fúnra wọn ló máa ń kọ́kọ́ sọ tiwọn. "Èmi rèé, mo gbàgbé láti pààrọ̀ ọ́ìlì. Ó yá, ta ló kàn?" A óò rẹ́rìn-ín, a óò da èyí tó bàjẹ́ sínú ẹ̀rọ tó ń lọ ike, ó di kẹ́ẹ̀gì mìíràn. Àwọn ará iléeṣẹ́ yòókù máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ la ń ṣe.

Kí ló wá gbé mi kúrò níbẹ̀? Ojúkòkòrò ni, kí n má parọ́. Mo kọ́kọ́ lọ sí iléeṣẹ́ kan níbi tí wọ́n ti máa ń ti géètì mọ́ òṣìṣẹ́ láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo lò, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Ìkẹta, èyí tí wọ́n ti fún mi ní kúẹ̀rì yẹn, tí kò jìnnà sí Apple Junction, ló wá wù mí gan-an. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́, àti káàdì ilé ìwòsàn fún gbogbo ìdílé. Lọ́jọ́ tí mo dágbére, mo tiẹ̀ ṣe fáàrí fún Bọ̀dá Dípọ̀ pé wọ́n á máa rí mi nínú bọ́ọ̀sì olóyinbó. Wọ́n ní, "Ó dáa. Máa jókòó síbi fèrèsé, kí n lè máa juwọ́ sí ẹ."

Ká sọ tòótọ́, mo gbádùn ibẹ̀. Oúnjẹ wọn dùn, mo sanra. Ara ọmọ mi kò yá lẹ́ẹ̀kan, kọ́bọ̀ kò jáde lápò wa. Mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́, mo ń sọ pé ẹ̀rọ ni, ara gbogbo wa sì ń balẹ̀.

Oṣù kẹjọ tí mo débẹ̀ ni wàhálà dé. Lọ́dọ̀ Bọ̀dá Dípọ̀, omi kì í tó, ẹ̀rọ sì máa ń dúró nígbà ìsinmi, torí náà a máa ń ti ẹnu omi mọ́ọ̀dù kí a tó lọ jẹun. Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn lára láti ọdún gbọ́ọ̀rọ̀. Níbí, ẹ̀rọ kì í dúró. Ẹni kan á gbà á lọ́wọ́ ẹnì kejì. Lọ́jọ́ yẹn, ọkàn mi wà nílé, torí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, tèmi nìkan la gbójú lé. Bí mo ṣe ń dìde, ọwọ́ mi ti omi pa, èmi gan-an ò mọ̀. Títí jókòó, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Mo padà dé, mo rí i pé títì ni ẹnu omi wà. Mo ṣí i kíákíá. Mo rọ omi sínú mẹ́ta lára àwọn kẹ́ẹ̀gì tó ti jáde, mo gbé wọn lé orí ìwé ìròyìn àtijọ́, bí a ṣe máa ń dán wọn wò. Kò pẹ́ tí ìwé fi tutù. Ìdí wọn kò lẹ̀ mọ́ra, torí ike kò rí omi tútù tó máa mú un le.

Àwọn yòókù ti wà nínú ọkọ̀ oníbàárà, ọkùnrin kan láti Kuje, ìyẹn Kuje ti Amúwo, tó ń ta ásíìdì tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì mọ́tò. Ásíìdì o. Mo mọ̀ pé orí àti èjìká ni wọ́n fi ń ru irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé wọ́n ti fún mi ní kúẹ̀rì kejì nígbà tí mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ẹni tó bá gba ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ilé ló ń lọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo lọ bá Ọ̀gá Ṣẹ́gun.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọkọ̀ yẹn dúró. Àwọn kẹ́ẹ̀gì inú rẹ̀ ń jò. Mo ti omi pa."

Ọ̀gá Ṣẹ́gun kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí Rónkẹ́, ẹ̀rọ ló bàjẹ́, àbí?"

Ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ní ẹ̀rọ ni, òfin wọn ni pé ẹ́ńjíníà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó lè dá ẹrù dúró, ọkọ̀ á sì ti lọ. Mo ní, "Rárá, sà. Èmi ni."

Ó sáré jáde, ó bá ọkọ̀ náà ní géètì, ó dá a dúró. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n gba yúnífọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi.

Ọkọ mi kò bá mi wí. Ó ní, "Dìde, bọ́jú ẹ, ká lọ bá Bọ̀dá Dípọ̀." Ojú ń tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Bọ̀dá Dípọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n wá ní, "Á jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ẹ ní títi omi pa. Ẹ̀bi àwa méjèèjì ni. Ẹlòmíràn ti wà nídìí ẹ̀rọ ẹ o. Ṣé wàá lè máa dán kẹ́ẹ̀gì wò?"

Mo ní kí ló dé tí mi ò ní lè ṣe é. Owó rẹ̀ kéré, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ, inú mi sì dùn. Ibẹ̀ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa máa ń bi mí pé, "Mọ́mì, nínú àwọn iléeṣẹ́ ike yìí, èwo ló dára jù láti bá ṣiṣẹ́?" Mi ò ní tàn wọ́n. Tó bá jẹ́ oúnjẹ àti ilé ìwòsàn ni, ẹ lọ sí Apple Junction. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé, ẹni tó sọ kẹ́yìn pé òun lòun ba nǹkan jẹ́, níbo ló wà báyìí?

Tí wọ́n bá ní kí ló dé tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀, mo máa ń sọ ti obìnrin kan fún wọn. Oṣù kan lẹ́yìn tí mo padà sọ́dọ̀ Bọ̀dá Dípọ̀ ló wá bá mi níbi tí mo ti ń dán kẹ́ẹ̀gì wò, ó ní ìyàwó ọkùnrin Kuje tó ń ta ásíìdì ni òun, pé Títí ló júwe mi fún àwọn. Ó kúnlẹ̀. Mo ní kó dìde, kò dìde.

"Èmi ni mo máa ń ru àwọn kẹ́ẹ̀gì yẹn láti inú ọkọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, mà," ó ní. "Ọmọ yìí ló sì máa ń wà lẹ́yìn mi."

Ó yí ẹ̀yìn sí mi kí n lè rí i. Ọmọ náà ń sùn, ó la ẹnu sílẹ̀. Mo bú sẹ́kún lójú gbogbo àwọn tó wà níbi iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.