Púlì Tó Ń Dán

Ẹ jẹ́ ká júbà dídán, ọba gbogbo ìwà rere ní Ìkirè wa yìí. Ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì ń kó èrò lọ sí Ìbàdàn, ó ṣáà ti ń dán. Bàtà dídán ti sọ akọ̀wé kékeré di ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fi gíláàsì bò sì ti sọ èmi fúnra mi di ọlọ́gbọ́n lójú àwọn tí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan, nídìí ẹ̀rọ tó ń fi iná tín-ín-rín yọ́ ìyẹ̀fun irin ní ìpele-ìpele títí yóò fi di ohun tí wọ́n bá fẹ́. Nígbà tí púlì tí bẹ́líìtì ń yí lé fọ́ lára ẹ̀rọ tí Ìyá Àpòmù, àbúrò ìyá wa, fi ń rin ẹ̀gẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ní òun á tẹ òmíràn fún wọn.

Ìyá Àpòmù ti dá ọjọ́ tí wọn yóò fọ púlì náà. Lọ́dọ̀ wa, ohun tuntun kì í ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ fi àdúrà àti mínírà fọ̀ ọ́. Kó má baà pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi mú kí iná náà máa sáré. Bí iná bá sáré jù, ìyẹ̀fun kì í yọ́ tán, ibi tí kò yọ́ á sì di ihò sínú irin.

Ó tẹ irin pélébé kan mọ́ ọn fún àyẹ̀wò. Èmi tí mo lọ ràn án lọ́wọ́ wà níbẹ̀ nígbà tí a gé e sí méjì. Inú rẹ̀ rí bíi ti búrẹ́dì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ihò."

"Ti àyẹ̀wò nìyẹn. Púlì kọ́."

"Ṣebí iná kan náà ló tẹ méjèèjì?"

"Ìwé lítíréṣọ̀ lo kà, o fẹ́ wá kọ́ mi ní irin? Gbé sánpépà wá jàre."

Lọ́jọ́ fífọ̀, Ìyá Àpòmù wo ojú wọn nínú púlì náà, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe. "Ó ń dán ju orí ọkọ mi lọ!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Áàfà ṣàdúrà, wọ́n tan ẹ̀rọ. Ìyá Àpòmù dúró síbi tí wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n ń fi ọwọ́ ti ẹ̀gẹ́ wọlé, púlì ń yí fìrì-fìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí wọn. Mi ò lè mu mínírà mi.

Kò pẹ́ tí a padà sílé tí Ìyá Àpòmù fi pè mí lórí fóònù. "Ọmọ mi, ẹ̀rọ yìí ti ń sọ̀rọ̀ o. Kẹ́, kẹ́, ló ń dún."

Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù. "Ara rẹ̀ ò tíì balẹ̀ ni, mà. Ṣé ẹ rí i pé tuntun ni?"

Mo já a gbà. "Ẹ pa á, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀!"

"Kí ló dé? Ṣebí ẹ ní ẹ ti yẹ inú rẹ̀ wò? Ẹ jẹ́ n kàn parí ìwọ̀nba tó wà nínú rẹ̀."

Mò ń gbọ́ kẹ́, kẹ́ náà létí mi. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan kọ́ ló mú kí púlì yẹn dán. Bí mo ṣe ń fi sánpépà ha á, ihò tóótòòtó yọjú létí rẹ̀. Mo rí wọn. Mo ń ha á lọ títí wọn ò fi hàn mọ́.